Kí ni íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ ìjókòó wa dà? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ewì: Èkìtì kete o! Ilé uyì, ilé ẹ̀yẹ. Nígbà tí a wà ní kékeré l'Ádó, ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ládùúgbò wa. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, a ó ti wẹ̀, a ó ti para, a ó lọ tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ wọn. Ẹni kan bá pariwo, bàbá onílé á lé gbogbo wa síta. Lónìí, àwọn ọmọ mi wà ní pálọ̀ kan náà, kálukú fi nǹkan dí etí, kálukú ń rẹ́rìn-ín ohun tí ẹnì kejì kò rí. Ẹ sọ tiyín. Ìrírí ni mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ ìwàásù.

Kábíyèsí Dátà: Èmi ò mọ ohun tó mú wá. Ohun tó mú lọ ni owó mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́: 😂😂 Látìgbà tí wọ́n ti fi owó kún dátà ní 2025, 144p ni mo fi ń wo fídíò. Òṣèré tó ń sunkún àti èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi.

Tíṣà Ìjerò: Ẹ̀yin ọmọ àná. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Tí o bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú kan, ti ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń yọ. Ìgbà tí Glo wọlé ní 2003 ni a tó rí ẹni tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: nígbà tí fóònù wá dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ìlú. Orí àpáta lẹ́yìn ilé ìwé la ti ń rí i. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tọmọdé tàgbà á gun àpáta lọ, oníkálukú á na ọwọ́ sókè, á máa yí kiri. Alágbàdo sísun ti gbé àgbá iná lọ síbẹ̀, ọjà ti ń ná. Àwọn tí kò ní fóònù rárá ń wá, wọ́n ní àwọn wá gba atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ìyàwó mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n kúrò níbi tí mo dúró sí, pé ibẹ̀ gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun máa ń wà.

Àjọkẹ́ Aláṣọ: Tíṣà, ṣé ìyàwó yín mọ̀ pé ẹ ń sọ ìtàn yìí níta?

Tíṣà Ìjerò: Ó jókòó tì mí. Ó ní kí n sọ fún yín pé mo kọ̀, mi ò kúrò.

Kábíyèsí Dátà: Wọ́n ti wá ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáàárín ìlú báyìí. Àwọn ọmọ yín máa wá ọkọ tì.

Ọmọ Kaféè: Ẹ̀yin ti orí àpáta, àwa ti kaféè l'Ádó nìyí. A ń sanwó alẹ́ mọ́jú, ká tó wọlé a ó ti ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ẹ̀rọ mẹ́wàá, èèyàn ogún. Ẹni tí kò lówó á dúró sẹ́yìn ẹni tó lówó, á máa dá a nímọ̀ràn ohun tó máa kọ sí ọmọge. Lẹ́yìn ìyẹn ni 2go dé. Mo gun ìràwọ̀ dé Master, àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí ní ọ̀gá. Ẹ bi mí pé kí ni mo rí jẹ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́: Kí ni 2go?

Ọmọ Kaféè: Ọmọ yìí ti pa mí. Ibi tí a ti ń fi fóònù tàkúrọ̀sọ ni.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Gúrúùpù WhatsApp ìdílé ọkọ mi, a lé ní igba níbẹ̀. Láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀ ìdílé ọ̀wọ́n" pẹ̀lú àwòrán òdòdó, lálẹ́, àdúrà. Ọkọ àǹtí wọn kan ní Ìfàkì wá ṣaláìsí. Aago márùn-ún ìdájí ni ìròyìn náà bọ́ sórí gúrúùpù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ibẹ̀ ti kún: RIP, RIP, àbẹ́là, àdàbà, ọwọ́ méjì tí wọ́n pa pọ̀. Àwa tí a dé Ìfàkì lọ́sẹ̀ yẹn kò kún bọ́ọ̀sì kan. Màmá tí ọkọ rẹ̀ kú jókòó sórí ẹní, ó gbé fóònù sórí itan. Kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò ti àwọn RIP náà sókè, ó ń ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa rò pé ó ń gba ìtùnú ni.

Kò pẹ́ púpọ̀, ọmọ àbúrò ọkọ mi ṣègbéyàwó. Wọ́n dá aṣọ ẹbí. Màmá gba tiẹ̀, ó sanwó pé, kò wá. Bí wọ́n ṣe ń gé kéèkì lọ́wọ́, fóònù gbogbo wa dún lẹ́ẹ̀kan náà lórí ìjókòó. Màmá ti fi sítíkà kúlà ìrẹsì ránṣẹ́. Ó fi ti obìnrin tó ń jó tẹ̀lé e. Ó wá fi èyí tí owó ń fò lókè kádìí ẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Mo ti náwó fún yín o. Ẹ jẹun dáadáa."

Onílù Ẹ̀fọ̀n: Yéè!!!

Kábíyèsí Dátà: Ẹ fi màmá yẹn joyè. Ìyálóde Sítíkà gbogbo ilẹ̀ Èkìtì.

Àjọkẹ́ Aláṣọ: Ó gba aṣọ, ó sanwó! Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣe ojúṣe rẹ̀.

Bàbá Àdùkẹ́: Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó ń ṣègbéyàwó kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àgbà kì í gbẹ̀san lára ọmọ.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Bàbá wa, ìyá ọmọ yẹn gan-an ló fi àdàbà ránṣẹ́.

Bàbá Àdùkẹ́: Haa. Ó dáa, ẹ máa bá a lọ.

Ọmọ Kaféè: Kí n má purọ́, ó dà bíi pé mo ti rí ìtàn yìí nínú skit kan rí.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Àwọn onískit ló ń jí tiwa kó. Ṣé kí n ya ojú gúrúùpù náà fún ọ ni? N kò ní yà á, ọkọ mi wà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́: Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà á rò. Láyé yín, ẹlòmíì á gbọ́ ikú lẹ́yìn oṣù méjì, á ní létà kò tètè dé. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé wọ́n tiẹ̀ gbọ́.

Tíṣà Ìjerò: Láyé wa, ẹni tó bá gbọ́, á wá. Ọmọ, lọ kàwé rẹ.

Abẹ́kẹ́ Dublin: Mo ti ń kà yín bọ̀ láti àárọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dé ibi tí mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí. Ìyá mi kú ní 2021. Ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí nígbà yẹn. Tí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́, àwọn ọmọ mi sì wà níbí. Orí fídíò ni mo ti sin ìyá mi. Àbúrò mi ọkùnrin so fóònù mọ́ igi gígùn kan kí n lè máa wò láti òkè orí àwọn èrò. Mo rí ilé wa, mo rí àwọn akọrin ìjọ, mo rí ajá wa tó ń sá kiri. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu sàréè, àwòrán dúró. Ó dúró sórí gèlè obìnrin kan, aláwọ̀ ọsàn, ó fi píìnì méjì dè é lẹ́yìn, ọ̀kan ti fẹ́ bọ́. Ohùn ṣì ń wọlé. Mo gbọ́ pásítọ̀, mo gbọ́ àwọn àbúrò mi, mo gbọ́ yẹ̀pẹ̀. Gèlè yẹn nìkan ni mo ń wò. Títí dòní mi ò mọ ẹni tó wé e, àbúrò mi náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ máa fi oní-RIP ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn jẹ́ pé nínú wọn, ẹlòmíì wà tí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó nìyẹn.

Ọmọ Ewì: Abẹ́kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Àjọkẹ́ Aláṣọ: Ẹ kú ìrọ́jú. Omi bọ́ lójú mi ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ń wò mí.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Ọmọ mi, tìrẹ yàtọ̀ pátápátá. Àwọn tí mò ń bá wí, láti Ìkẹ́rẹ́ àti Adó dé Ìfàkì ni wọn ò lè wọkọ̀. Ìwọ, òkun ló wà láàárín. Má fi ara rẹ wé wọn.

Kábíyèsí Dátà: Ṣé ẹ ò lè fi àwòrán gèlè náà síbí ká bá yín wá a? Ìkọ̀lé kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àdùkẹ́: Kábíyèsí, gbogbo nǹkan kọ́ là ń fi ṣeré.

Kábíyèsí Dátà: N kò ṣeré o, bàbá. Òótọ́ inú mi ni mo fi sọ ọ́.

Abẹ́kẹ́ Dublin: Ẹ má bá a wí. Màá wá a nínú fóònù mi àtijọ́.

Onílù Ẹ̀fọ̀n: Ẹ jẹ́ kí onílù náà sọ̀rọ̀. Ìnáwó kan ní Àrámọ̀kọ, ọmọ wọn kan ń wò wá lórí Facebook láti Houston. Wọ́n gbé fóònù náà síwájú mi, wọ́n ní kí n kí i. Mo fi ìlù ki bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì wọlé, gbì! Mo tún mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Òmíràn wọlé. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, àwọn olóyè tó wà lórí ìjókòó ti ń wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Mo ti kọ ẹ̀yìn sí wọn láti ìgbà náà, fóònù ni mò ń lùlù fún.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Owó tí wọ́n bá ná lójú agbo, gbogbo wa la rí i, ọmọ kékeré ló ń ṣà á. Alẹ́ẹ̀tì, fóònù ẹnì kan ló ń wọ̀. Àwọn tó ń lu gángan àti omele ní mo ti gé nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Ní báyìí, a ti dá àkáǹtì kan sílẹ̀, orúkọ àkáǹtì náà la lẹ̀ mọ́ ojú ìlù, gbogbo wa ló sì ń gba alẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọmọ Kaféè: Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Òfin CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti 2007 kò fẹ́ kéèyàn ná owó náírà lójú agbo, wọ́n sì ti ń fi èèyàn sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀.

Onílù Ẹ̀fọ̀n: Òfin kò mọ bí ọkàn ẹni ṣe ń rí tí wọ́n bá lẹ owó mọ́ ọ níwájú.

Ọmọ Ọ̀mùò: Ẹ jẹ́ kí n sọ dáadáa íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi, kò lè jáde mọ́. Láyé CD, a ní láti lọ yá sinimá fún un, tó bá ti ha, ó parí. Ní báyìí YouTube ni, sinimá Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́. Kì í wò ó dákẹ́ o, ó ń kọ̀wé sábẹ́ ẹ̀. Obìnrin kan wà ní Kútọnu tí wọ́n jọ ń kí ara wọn lábẹ́ fídíò lójoojúmọ́. Tí obìnrin yẹn kò bá kọ nǹkan fún ọjọ́ méjì, ìyá mi á ní kí n lọ wò ó bóyá ara rẹ̀ le. Mo ní màmi, Kútọnu ni mo fẹ́ lọ ni?

Abẹ́kẹ́ Dublin: Mo fẹ́ràn èyí.

Bàbá Àdùkẹ́: Èmi, ayò ni mo ń ta lórí fóònù. Ihò méjìlá pé, ọmọ méjìdínláàádọ́ta pé, kò sí àbùkù. Ṣùgbọ́n kò dùn. Fóònù á na èèyàn, kò ní pè é ní ọ̀pẹ. Ẹni tó bá ń ta ayò tí kò sí òǹwòran tó ń bú u, kí ló ń ta?

Tíṣà Ìjerò: Òótọ́ ni. Ayò kò ṣeé ta láìsí aláwàdà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Kaféè: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: fóònù kò jẹ́ kẹ́ ẹ jí ọmọ ayò mọ́, ìyẹn ló ń bí yín nínú.

Bàbá Àdùkẹ́: Ọmọ ta ni ọ́?

Àjọkẹ́ Aláṣọ: Ìyẹn kéré. Ọmọbìnrin mi kọ́ iyán ṣíṣe lórí TikTok. Ó fi iṣu sínú bílẹ́ńdà, ó da omi sí i, ó yí i, ó gbé e kaná, ó rò ó. Ó gbé e fún bàbá rẹ̀ pé uyán rèé.

Onílù Ẹ̀fọ̀n: L'Ékìtì?!

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Bàbá rẹ̀ jẹ ẹ́?

Àjọkẹ́ Aláṣọ: Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bù kún un.

Tíṣà Ìjerò: Ẹ bi bàbá náà bóyá ọmọ Èkìtì ni lóòótọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́: Ẹnu kì í mọ̀ ọ́n o. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é, kò sí ariwo odó tí alájọgbé máa jà sí.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Ẹnu tìrẹ ni kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n bá gún ń fà, èyí tí wọ́n bá lọ̀ ń lẹ̀. Ariwo odó yẹn ni aládùúgbò fi ń mọ̀ pé oúnjẹ wà nílé ẹ, kó tó yà wá kí ọ. Bílẹ́ńdà, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?

Kábíyèsí Dátà: Ìyẹn gan-an nìdí tí mo fi ra bílẹ́ńdà 😂

Ọmọ Ewì: Ẹ̀yin èèyàn yìí, íntánẹ́ẹ̀tì là ń sọ o!

Abẹ́kẹ́ Dublin: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mò ń bọ̀ nílé ní Kejìlá, ìwé ti jáde. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń fi odó gún un l'Ádó, tí kì í ṣe ẹ̀rọ?

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: L'Ádó kẹ̀? Kọjá wá sí Ìkẹ́rẹ́. Mo ti fi náńbà mi ránṣẹ́ sí ọ.

Tíṣà Ìjerò: Ṣé ẹni tó bá gun àpáta náà lè wá?