Mo fẹ́ padà sí títọ́jú ẹja òkun nílé: ẹ bá mi wo ètò táǹkì iyùn yìí

Adéọlá, Woolwich

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Láti 2013 ni mo ti pa táǹkì ẹja òkun tì, mo sì fẹ́ padà sí i báyìí. Táǹkì iyùn ni mò ń sọ, iyùn tó wà láàyè, tó ń la ẹnu jẹun lóru, kì í ṣe èyí tí à ń so mọ́rùn. Ètò tí mo ṣe rèé. Ẹ bá mi tú u wò, ẹ má sì bo èyí tó bá burú nínú rẹ̀ fún mi.

Táǹkì gíláàsì tó gùn ní 90 cm, ìbú rẹ̀ 60, gíga rẹ̀ 50. Sump (táǹkì kejì tí omi ń sọ̀ sí kí pọ́ǹpù tó gbé e padà sókè) lítà 80 lábẹ́ rẹ̀. Yàrá òkè ni yóò wà, pákó sì ni ilẹ̀ yàrá náà. Òkúta gbígbẹ kílò 20, torí mi ò rí òkúta ààyè ti Fiji (èyí tí ohun alààyè ti wà lára rẹ̀ láti inú òkun) tí a máa ń rà nígbà yẹn mọ́. Hítà kan, wáàtì 300. Omi ẹ̀rọ ni mo fẹ́ lò, màá da oògùn tó ń pa chlorine sí i. Ẹja rẹ̀: clownfish méjì, yellow tang kan, goby kan. Iyùn àkọ́kọ́ yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Kí ló ti yí padà láti ìgbà yẹn? Bí mo bá ṣe é báyìí, kí ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́?

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ káàbọ̀ padà, Adéọlá. Omi ẹ̀rọ yẹn ni kí á kọ́kọ́ mú kúrò. Ẹ wo ìdí kẹ́tùlù yín: funfun tó gbá mọ́ ọn bí ẹfun yẹn, omi London ló kó o wá. Oògùn chlorine kò lè yọ nitrate, kò lè yọ phosphate, kò sì lè yọ bàbà tí omi bá gbé bọ̀ láti inú páìpù. Ewédò ni méjì àkọ́kọ́ máa ń bọ́. Bàbà ní tirẹ̀, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ tí ẹja kò ní mọ̀ lára ń pa ìgbín, edé àti iyùn.

Ẹ ra asẹ́ RODI (èyí tó ń sẹ́ omi di mímọ́ gaara) onípele mẹ́rin: èyí tó ń gba ìdọ̀tí, èyí tó jẹ́ èédú, awọ RO, lẹ́yìn náà resin tó ń gba ìyókù. Ẹ ra mítà TDS (tó ń ka ohun tó yòrò sínú omi) mọ́ ọn. Omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ ka 0. Ọjọ́ tó bá ka 1 tàbí 2, resin ti ń tán nìyẹn, ẹ má dúró dìgbà tó bá ka 10. Fún lítà kan tó mọ́, nǹkan bíi lítà mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò ṣàn lọ. Ẹ gbè é, ẹ fi fọ ilẹ̀. Nígbà òtútù, omi tútù máa ń lọ́ra láti gba inú awọ yẹn kọjá, ohun tí asẹ́ náà ń pọn lóòjọ́ lè dín sí ìdajì, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú omi.

Tí a bá yọ àyè òkúta àti iyanrìn, tí a wá fi ti sump kún un, gbogbo omi yín yóò tó lítà 275. Iyọ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 38 sí lítà kan, ìyẹn kílò mẹ́wàá àti ààbọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí pọ́ǹpù máa rò ó, kí ẹ tó máa bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé iyọ̀ lórí, calcium inú rẹ̀ á ya sọ́tọ̀, á di ẹfun sí ìdí garawa, kò sì ní yòrò mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa yí di ọjọ́ kejì ní díígírì 25 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan) ni kó jẹ́, ìyẹn 1.026 lórí òṣùwọ̀n ìwúwo omi. Omi olóṣùwọ̀n 35 ppt ni kí ẹ fi tún refractometer (ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ omi) ṣe, kì í ṣe omi RODI: ó lè tọ́ ní òdo kó sì purọ́ ní 35.

Lánre, Houston

Ìyá Ìbejì ti sọ ti omi. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ pákó yẹn. Lítà 275 omi iyọ̀ jẹ́ kílò 282. Ẹ fi gíláàsì kún un, àti òkúta, iyanrìn, sump àti àga tó gbé gbogbo rẹ̀, ó ti sún mọ́ kílò 450 lórí ibi tí kò tó ibùsùn ọmọdé. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ru ilé, kó dábùú àwọn igi abẹ́ pákó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bọ́ sórí igi kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó táǹkì.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìdánwò ìgbà tí iná bá lọ. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣe é, kí iyọ̀ tó wọ ibẹ̀. Ẹ kún táǹkì, ẹ tan pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Omi òkè á máa sọ̀ kalẹ̀ gba inú páìpù tó ń gbé omi lọ sókè títí ẹnu páìpù á fi fa afẹ́fẹ́. Nínú táǹkì tiyín, sẹ̀ǹtímítà kan omi jẹ́ lítà 5.4. Tí ẹnu páìpù bá rì ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, lítà 27 ló ń bọ̀ nísàlẹ̀ yẹn. Ṣé àyè lítà 27 ṣì wà nínú sump? Bí kò bá sí, ilẹ̀ pákó àti àjà ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín ló máa gbà á. Ẹ lu ihò 3 mm sára páìpù náà nísàlẹ̀ ojú omi gẹ́lẹ́, kó lè tètè fa afẹ́fẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fáàfù tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí omi padà. Ìgbín kékeré kan tàbí ẹfun díẹ̀ tó láti há a ní ẹnu. Ihò náà fúnra rẹ̀, ẹ máa fi igi kékeré tún un ní oṣooṣù. Ibi tí omi dé nínú sump nígbà tí pọ́ǹpù wà ní pípa, ẹ fa ìlà síbẹ̀ pẹ̀lú máàkà. Nígbà tí pọ́ǹpù bá wà ní pípa, ẹ má jẹ́ kí omi kọjá ìlà náà láéláé.

Hítà: ẹ fi wáàtì 150 méjì rọ́pò ẹyọ kan yẹn, kí kọ̀ntírólà tó wà níta máa pàṣẹ fún wọn. Ohun tó ń ba hítà jẹ́ jù ni kí ẹnu ibi tó ń já iná rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, kó máa gbóná lọ láìdáwọ́dúró. Ti 300 á se ẹja yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti 150, ẹ ó tètè rí i. Kọ̀ntírólà ní díígírì 25.5, hítà fúnra wọn ní 26.5. Kí gbogbo wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè lọ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀.

Ṣọlá, Lẹ́kkí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Lánre, àwa tí a wà l'Ékòó ńkọ́? Hítà kọ́ ni wàhálà tiwa, ooru ni, àti iná tó ń lọ. Ẹnì kan sì ní kí n máa lọ bu omi létí òkun dípò kí n máa ra iyọ̀.

Lánre, Houston

Àbúrò, ẹ má bu omi yẹn. Ọ̀sà ń tú sínú òkun níbẹ̀. Lásìkò òjò iyọ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, epo àti ìdọ̀tí ìlú á sì bá a wọlé. Ẹ po tiyín.

Ní ti ooru, fáànù tó ń fẹ́ ojú omi máa ń tu ú lára nítorí pé omi ń fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Èkó ti rin tẹ́lẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ chiller tó ń mú omi tutù ni kí ẹ ṣírò owó rẹ̀ kí ẹ tó ra gíláàsì. Ẹ dì í mú sí 26 tàbí 27. Tó bá kọjá 30 fún ìgbà díẹ̀, iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ewédò kéékèèké tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ tó sì ń bọ́ ọ, á wá funfun báláú.

Tí iná bá lọ, afẹ́fẹ́ inú omi ló kọ́kọ́ ń tán, ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹnu sójú omi. Pọ́ǹpù kékeré kan tí ń jẹ wáàtì 10, tí ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sójú omi, ni kí ẹ so mọ́ bátìrì. Bátìrì 12 V, 100 Ah, tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ péré kó má baà tètè kú, á gbé e fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ẹ má so skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi) àti iná mọ́ ọn.

Àǹtí Bísí, Leeds

Adéọlá, ẹ béèrè ohun tó ti yí padà. Òkúta ni. Fiji ti dáwọ́ títa òkúta ààyè sókè òkun dúró, Indonesia náà ti ọ̀nà iyùn pa ní 2018 kí wọ́n tó tún ṣí i. Òkúta gbígbẹ dára, kì í gbé kòkòrò burúkú wọlé, ṣùgbọ́n òkú ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ẹ kọ yẹn bá òkúta ààyè mu, kò bá èyí mu.

Kí bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja lè gbilẹ̀ lórí òkúta náà, ẹ da ammonium chloride sínú omi títí ammonia (oró inú ìdọ̀tí ẹja) á fi ka 2 ppm (mílígíráàmù 2 nínú lítà kan), ẹ fi bakitéríà inú ìgò sí i, ẹ pa iná òkè. Ọjọ́ tí ẹ bá da 2 ppm sí i tí ammonia àti nitrite (ohun tí bakitéríà ń sọ ammonia dà) jọ padà sí òdo láàárín wákàtí 24, ó ti gba ẹja nìyẹn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè tó mẹ́fà. Kí nitrite tó lọ tán, ẹ má gba ohun tí kíìtì nitrate bá sọ gbọ́, nitrite máa ń sọ ọ́ di ńlá lásán.

Lẹ́yìn náà ni èérí aláwọ̀ ilẹ̀ á bo iyanrìn bí ẹní fọ́n gàrí yíyan sí i. Ẹ fi í sílẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni èkejì: ó yọ̀ bí ikun, ó ń fà bí okùn, búrùbúrù afẹ́fẹ́ wà lórí rẹ̀, lóru ó dín kù, lọ́sàn-án ó tún ti padà, ìgbín tó bá jẹ ẹ́ á ṣubú. Dinoflagellate nìyẹn, irú ewédò kan. Ẹni tó ń lé nitrate àti phosphate dé òdo ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè é, nítorí kò ní sí ohun tí àwọn ewédò mìíràn máa jẹ láti bá a du àyè. Nígbà tiyín yẹn, òdo ni gbogbo wa ń lé. Nísinsìnyí, nitrate 5 sí 10 ppm, phosphate 0.05 sí 0.1 ppm, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọdún àkọ́kọ́.

Yellow tang, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni, 120 cm ló kéré jù fún un. Ó dùn mọ́ mi pé a ti lè rí èyí tí wọ́n bí nínú táǹkì rà. Oceanic Institute ní Hawaii ló kọ́kọ́ tọ́ ọ dàgbà láti inú ẹyin ní 2015. Ẹ fi royal gramma rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹja kankan má sì wọlé láìgba táǹkì ìyàsọ́tọ̀ kọjá: lítà 40, fóòmù kan, páìpù PVC fún ibi ìsápamọ́, oògùn bàbà ní ìwọ̀n tí ìgò rẹ̀ kọ, ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Garawa àti ọpọ́n tó bá ti kan bàbà kò gbọdọ̀ kan táǹkì iyùn mọ́. Bí ich (àrùn kòkòrò ara ẹja) bá wọ táǹkì ńlá, ẹ óò kó gbogbo ẹja jáde, táǹkì á wà láìlẹ́ja fún ọjọ́ 76.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iyùn kún un. Iyùn rírọ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé, ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Iná ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. LED le ju bí ojú ṣe rí i lọ. Àwọn olókùúta bí Acropora, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Alkalinity (ohun tí kì í jẹ́ kí omi di kíkan) 8 sí 9 dKH, òṣùwọ̀n rẹ̀ nìyẹn, calcium 420 ppm, magnesium 1300 ppm. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, alkalinity ló ń yára já. Gíráàmù mẹ́ta baking soda máa ń gbé lítà 100 sókè ní 1 dKH, ìyẹn gíráàmù mẹ́jọ fún tiyín. Ẹ yòrò rẹ̀ sínú omi RODI, ẹ dà á síbi tí omi ti ń yára ṣàn, kó má kọjá 1 dKH lóòjọ́ kan. Iyùn lè fara da 7.5 tó dúró ṣinṣin, 9 lónìí, 7 lọ́la ló ń bó awọ ara rẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́: zoanthid àti palythoa, irú iyùn kan, ní oró tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ni kí ẹ fi mú wọn. Ẹ má se òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀ nínú omi gbígbóná, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á nínú yàrá. Inú ooru omi ni oró yẹn ń gbà wọ imú. Ní 2018, odindi ìdílé kan ní Oxfordshire bá ara wọn ní ilé ìwòsàn nípasẹ̀ iyùn tí wọ́n ń fọ̀ jáde nínú táǹkì wọn.

Adéọlá, Woolwich

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n Lánre, Àǹtí Bísí. Mo ti yí i padà. RODI ni n ó kọ́kọ́ rà. Ẹni tó mọ̀ nípa ilé á wá wo pákó kí n tó san owó kankan. Hítà 150 méjì. Kò sí tang. Iyùn di oṣù kẹrin. Fún omi tó ń fẹ́ lọ, mo fẹ́ gbé agbada lítà 60 tó kún fún RODI sẹ́gbẹ̀ẹ́ sump, kí ẹ̀rọ máa fi kún un fúnra rẹ̀, kí n lè rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì láìbẹ̀rù.

Lánre, Houston

Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi agbada yẹn. Ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń wo omi lè dọ̀tí, á rò pé omi ò tíì tó, á sì da gbogbo ohun tó wà nínú agbada sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lítà 60 omi tí kò níyọ̀ wọ inú 275: bí sump bá tiẹ̀ gbà á, iyọ̀ á já láti 35 sí nǹkan bíi 28.7, ìgbín àti iyùn ò lè fara dà á. Lítà 15 péré, tó bá tiẹ̀ tú tán, 33.2 ni. Ẹ ra ti lítà 15, kí ará ilé kan máa bu omi sí i ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin tí ẹ bá rìnrìn àjò.