Èdè Ìpàṣẹ, Ògbufọ̀ àti Ẹyọ Àmì: Lórí Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Máa Fi Kọ́ Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Olùkọ́ Yorùbá kan ní Adó-Èkìtì, tó ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣenajú, béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ wa. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó máa pe irú èdè bíi Python àti C lápapọ̀, ohun tí a ó máa pe àkọsílẹ̀ inú wọn, ohun tí a ó máa pe ẹ̀rọ tó ń yí àkọsílẹ̀ náà padà fún kọ̀ǹpútà, àti ohun tí kọ̀ǹpútà ń kà gan-an nígbà tó bá ń sọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe gùn tó. Ẹnì kan dá a lóhùn pé "èdè kọ̀ǹpútà" tó fún àkọ́kọ́, ẹlòmíràn mú "àrokò" wá fún ìkejì, ẹnì kan ní "akójọ" fún ìkẹta, wọ́n sì fi "lẹ́tà" dí ààyè ìkẹrin. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí kan náà ló sì bí àìfaramọ́ mi: orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan wọ̀nyí la ń túmọ̀, a kò wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ká mú èdè ṣáájú. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Python. Ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbọ́ kò ju òdo àti oókan lọ, tí a tò ní ọ̀nà tí àwọn tó ṣe ọpọlọ náà là sílẹ̀. Ènìyàn ni Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ṣe Python fún nígbà tó gbé e jáde ní 1991, ènìyàn náà sì ni Dennis Ritchie ṣe C fún ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1972. Bí a bá pe irú èdè bẹ́ẹ̀ ní èdè kọ̀ǹpútà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́, pé ó lè lóye ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣẹ ni gbogbo ohun tí a ń kọ síbẹ̀: mú èyí, fi kún ìyẹn, bí àròpọ̀ wọn bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, ṣe báyìí. Nítorí náà ni mo fi dábàá "èdè ìpàṣẹ". Orúkọ yìí tún ràn wá lọ́wọ́ lórí ìjiyàn kan tí àwọn ọ̀dọ́ kì í yé jà, pé ṣé HTML, tí wọ́n fi ń to ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wà lára àwọn èdè wọ̀nyí. HTML kì í pàṣẹ ìṣirò tàbí ìpinnu kankan. Ó ń sọ pé àkọlé nìyí, pé ìpínrọ̀ nìyí. Kò wọ abẹ́ èdè ìpàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí.

Àrokò dùn létí, mo sì mọ ìdí tí ẹni tó dábàá rẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ohun ìní wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí bí àrokò ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, òun ni yóò rò ó pé ẹfà nìyí, tí yóò gbọ́ "fà" nínú rẹ̀, tí yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà sí òun. Ọgbọ́n ẹni tó gbà á ló parí iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: bí àkámọ́ kan ṣoṣo bá ṣìnà nínú ìlà kan, kò ní fi òye gbé e, yóò dúró síbẹ̀ ni. Ibi tí àrokò ti bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mu gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a yí padà kí ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ má lè kà á, bí èyí tí báǹkì fi ń dáàbò bo owó wa lórí fóònù. Ẹ jẹ́ ká fi í pamọ́ fún ibẹ̀. Ní ti ohun tí a ń kọ ní èdè ìpàṣẹ, "kóòdù" ti wọ ẹnu àwọn ọ̀dọ́, n kò sì rí ìdí tí a ó fi lé e jáde; ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa nínú ìwé lè kọ "àkọsílẹ̀ àṣẹ", kí a sì fi "ètò" sílẹ̀ fún odindi iṣẹ́ tó ti parí, tó ṣeé lò.

Orí "akójọ" ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ti tàn wá jù. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, compiler, jẹ mọ́ kíkó nǹkan jọ, ó sì ní ìtàn. Nígbà tí Grace Hopper, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú nínú kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ṣe A-0 ní nǹkan bí 1952, ohun tí A-0 ń ṣe ni pé ó ń ṣa àwọn ìpín àṣẹ tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ sórí téèpù, ó sì ń kó wọn jọ di odindi ètò. Orúkọ bá iṣẹ́ mu nígbà náà. Iṣẹ́ ti yí padà láti ìgbà náà, orúkọ ni kò yí. Ohun tí irú ẹ̀rọ yìí ń ṣe fún C lónìí ni pé ó ń gba gbogbo àkọsílẹ̀ àṣẹ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sí ohun tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà gbọ́, ó sì ń parí èyí kí ètò náà tó ṣe ohunkóhun rárá. Atúmọ̀ ni, "atúmọ̀ àṣẹ" yóò sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé atúmọ̀-èdè.

Èyí tí Python ń lò yàtọ̀. Ó ń mú àṣẹ kan ṣẹ kó tó bọ́ sórí èyí tó kàn, Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ògbufọ̀ ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní interpreter. Bí oníwàásù àlejò bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Adó, ògbufọ̀ kì í dúró kó parí ìwàásù kó tó lanu. Mo gbà pé kò bára mu délẹ̀délẹ̀, nítorí pé Python máa ń kọ́kọ́ yẹ odindi fáìlì wò, bí ìlànà ìkọ̀wé bá sì bàjẹ́ ní ìlà ìkẹyìn, àṣẹ àkọ́kọ́ pàápàá kò ní ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ìlànà bá tọ́, tí àṣẹ kan láàárín kò sì ṣeé ṣe, bóyá a ní kó fi òdo pín nǹkan, gbogbo èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ yóò ti ṣẹ ná. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé a nílò ọ̀rọ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀kan: "àṣìṣe ìkọ̀wé" fún èyí tí kò jẹ́ kí ètò bẹ̀rẹ̀, "àléébù" fún èyí tó fara pamọ́ sínú ètò tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ ká máa pè é ní kòkòrò. Àwòrán inú èdè ẹlòmíràn nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè é ní bug.

Olùkọ́ náà tún béèrè èdè tó yẹ kí ẹni tó ń ṣe é fún ìnàjú mú. Bí ó bá ní kọ̀ǹpútà, Python ni mo fara mọ́, nítorí pé ìlànà ìkọ̀wé rẹ̀ kò le, àti pé ògbufọ̀ rẹ̀ yóò fèsì lójú ẹsẹ̀ sí ìlà kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ fóònù nìkan ló ní, JavaScript ni, torí pé ó ti wà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn ọmọ rẹ̀, Scratch tí MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2007, tí a ń fi àwọn búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ to àṣẹ jọ, ló dára jù. Kí ó fi C sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà gan-an. Orúkọ àwọn èdè wọ̀nyí kò sì yẹ ní títúmọ̀: àwọn aláwàdà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi orúkọ wọn sọ Python, kì í ṣe erè inú igbó, JavaScript kì í sì í ṣe ọmọ Java, tó jẹ́ èdè mìíràn, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kẹrin, nítorí pé ibẹ̀ ni Yorùbá àti kọ̀ǹpútà ti forí gbárí. Olùkọ́ wa to orúkọ ìlú Èkìtì mélòó kan sínú ètò rẹ̀, ó sì ní kí Python lo len, àṣẹ rẹ̀ tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó, láti ka gígùn wọn. Ó rí 3 fún Adó, ó rí 5 fún Èkìtì fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó dé orí Ọ̀tùn, lẹ́tà mẹ́rin, Python ní 5. Ó ṣe àdàkọ Ọ̀tùn kan náà láti inú fáìlì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́, Python ní 7. Nígbà tó béèrè bóyá Ọ̀tùn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, Python ní rárá. Lójú ènìyàn, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn.

Kò sí àléébù níbẹ̀. Nínú Unicode, tó jẹ́ ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fi nọ́ńbà dúró fún ọ̀nà ìkọ̀wé gbogbo àgbáyé, ù ní nọ́ńbà kan tirẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀, Ọ náà sì ní tirẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ọ̀ tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti ohùn pa pọ̀. Ọ gba ọ̀kan, àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ gba ọ̀kan, nítorí náà ni Ọ̀tùn fi jẹ́ 5. Nínú fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló tú ká: O, àmì ìsàlẹ̀, ohùn, t, u, ohùn, n. Ó di 7. Bẹ́ẹ̀ náà ni Python yóò ka gbogbo sí 6, nígbà tó jẹ́ pé gb jẹ́ lẹ́tà kan nínú lẹ́tà 25 tiwa, tí gbogbo sì jẹ́ 4. Ta ló wá lè sọ pé lẹ́tà ni len ń kà? "Àmì" nìkan kò tó, torí a ó máa rò pé àmì ohùn là ń wí. Mo dábàá "ẹyọ àmì": ohunkóhun tó bá ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìlànà náà, ì báà jẹ́ lẹ́tà, ì báà jẹ́ ohùn tó dá dúró, ì báà jẹ́ àlàfo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ọ̀rọ̀ yìí yóò mọ ohun tó kàn: kó fi unicodedata, àkójọ irinṣẹ́ fún Unicode tó bá Python wá, sọ Ọ̀tùn méjèèjì di irú kan náà, kó fo àwọn àmì ohùn tó dá dúró, kó sì ka gb sí ẹyọ kan. Ètò tó ń ka lẹ́tà Yorùbá bó ṣe yẹ jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dára fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹnì kan béèrè bóyá Yorùbá ṣeé lò fún orúkọ tí a ń fún nǹkan nínú ètò. Ó ṣeé ṣe. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní 2008 ni ènìyàn ti lè kọ ọkọ́, ọkọ̀ àti oko sínú ètò kan náà pẹ̀lú ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wọn, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì jẹ́ nǹkan mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá bọ́ àmì kúrò yóò fi oko rẹ̀ pa ọkọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ní ti orúkọ, kò ṣe nǹkan kan bóyá àmì lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tàbí ó dá dúró, Python yóò kà wọ́n sí ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò nìkan ni kò ní bá wa tún ṣe. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀ka-èdè. Bí èmi tí mo jẹ́ ará Èkìtì bá kọ ùlú lókè, tí ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì kọ ìlú nísàlẹ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ùlú, òun ni mo bá dàgbà, síbẹ̀ nínú ètò tí ọwọ́ púpọ̀ yóò kàn, Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí a máa kọ.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ fúnra wọn, irú bíi if àti while, kí a fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí a máa ṣàlàyé wọn ní Yorùbá: "bí ó bá jẹ́ pé", "níwọ̀n ìgbà tí". Mo bu ọlá fún iṣẹ́ àwọn tó ṣe Yorlang, èdè ìpàṣẹ tí ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ó sì yẹ kí olùkọ́ wa wò ó, àmọ́ ẹni tó ń kọ́ fún ìnàjú yóò fẹ́ ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ ní Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, a kò sì nílò láti yí àmì ìròpọ̀ padà kí ó tó ṣeé ṣe. Ìbéèrè tó kù lórí tábìlì wa ni ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún àṣẹ tó ń padà ṣẹ léraléra. "Ìyípo" ni àwọn kan ń wí. Èmi fara mọ́ "àṣetúnṣe", nítorí pé kọ̀ǹpútà kò yí po ibì kankan, iṣẹ́ kan náà ló ń tún ṣe títí ohun tí a ní kó máa wò yóò fi yí padà. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá pẹ̀lú àpẹẹrẹ ètò tó ti lò ó.