Kí ló dé tí 2x² + xy + 3y² àti 2x² − xy + 3y² kì í ṣe ọ̀kan?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ka ọ̀nà tí Gauss, onímọ̀ ìṣirò, gbé jáde lọ́dún 1801 láti so fọ́ọ̀mù ax² + bxy + cy² méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Discriminant (ìyẹn b² − 4ac) −23 ni mo mú. Ìwé mi ní fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, bí a bá ka àwọn tó lè di ara wọn nípa ìrọ́pò x àti y sí ẹyọ kan: x² + xy + 6y² àti méjì tó wà lókè yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi −y rọ́pò y, méjì yẹn di ara wọn, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì ń mú jáde! Ṣé kò yẹ ká kà wọ́n sí ẹyọ kan ni?

Ìdáhùn 1
Determinant ìyípadà yẹn (ps − qr, bí x bá di px + qy, tí y sì di rx + sy) jẹ́ −1. +1 la ń fẹ́.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ +1 gan-an ni mò ń wá.

Ìdáhùn 2
Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ṣírò ó, ẹ ó rí i fúnra yín. Mo máa kọ (a, b, c) nìkan dípò ax² + bxy + cy².

Ẹ so (2, 1, 3) pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀nà Dirichlet, onímọ̀ ìṣirò: a ó sọ a méjèèjì di púpọ̀, a ó sì wá B kan tó bá fọ́ọ̀mù méjèèjì mu. A ń wá B tó jẹ́ pé 4 lè pín B − 1, tí 16 sì lè pín B² + 23 láìṣẹ́kù. B = −3 bọ́ sí i, torí 9 + 23 = 32. Ó fún wa ní (4, −3, 2), torí 2 × 2 = 4, 32 ÷ 16 sì jẹ́ 2. Ẹ yí i po, ìyẹn ni pé kí (a, b, c) di (c, −b, a), tí determinant rẹ̀ jẹ́ +1: ó di (2, 3, 4). Ẹ fi x − y sípò x, ó di (2, −1, 3).

Ó yá, ẹ so (2, 1, 3) pọ̀ mọ́ (2, −1, 3). Ẹ kọ́kọ́ yí èkejì po sí (3, 1, 2), kí B = 1 lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ó di (6, 1, 1), irú ìyípadà kan náà sì lè sọ ìyẹn di x² + xy + 6y².

Ẹ ò rí i? Bí ẹ bá pe méjèèjì ní ọ̀kan, iṣẹ́ kan náà á mú èsì méjì tí kò jọra wá. Legendre, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ti ń so fọ́ọ̀mù pọ̀ ṣáájú Gauss, àmọ́ kò yà wọ́n sọ́tọ̀, èsì rẹ̀ sì máa ń ju ẹyọ kan lọ. Àmì kékeré yẹn ló jẹ́ kí Gauss ní group, ìyẹn àkójọ tí síso méjì pọ̀ ti ń mú èsì kan ṣoṣo wá, tí a sì lè tú u padà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ìdáhùn 3
Ẹ fi kúbù tí Bhargava, onímọ̀ ìṣirò, gbé jáde ní 2004 yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà kan ló wà ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ −1 sí igun kan, −2 sí igun tó jìnnà sí i jù lọ, àti 1 sí mẹ́fà yòókù. Ẹ gé e sí mátíríìsì (tábìlì nọ́ńbà 2 × 2) M àti N, kí M ní −1 nínú. Lẹ́yìn náà ẹ ṣírò −det(Mx − Ny), níbi tí det jẹ́ determinant. Ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà gé kúbù, (2, 1, 3) ni gbogbo wọn sì bí. Òfin Bhargava ni pé tí a bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, x² + xy + 6y² la ó bá. Èyí bá ìṣirò òkè yẹn mu rẹ́gí: (2, 1, 3) lẹ́ẹ̀mejì di (2, −1, 3), (2, 1, 3) kan sí i sì sọ ọ́ di x² + xy + 6y².