Ẹnì kan, ẹ̀rọ kan: ọ́dà báàjì àti sítíkà mélòó ni kí n gbà kí n tó ti ìwé?

Àbẹ̀kẹ́ Adátán:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá inú iṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mo wà. Mo fẹ́ máa gba ọ́dà àsansílẹ̀ fún báàjì aṣọ tí a fi ẹ̀rọ mónógíráàmù ṣe, àti sítíkà. Èmi nìkan ni o, kò sí ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀rọ mi, abẹ́rẹ́ kan ló ní, férémù tó ń di aṣọ mú lórí rẹ̀ ò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10 lọ. Sítíkà ní tirẹ̀, ìta ni n ó ti máa tẹ̀ ẹ́. Yíya àwòrán àti dídì í fún oníbàárà ló kù sí mi lọ́wọ́.

Àwọn tí mo fojú sí lára ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga FUNAAB àti MAPOLY tó ń ṣe ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka wọn, àwọn ẹgbẹ́ tó máa ń dá aṣọ fún Ọjọ́ Líṣàbí, àti àwọn tó ń rán àdìrẹ tí wọ́n á fẹ́ báàjì kékeré láyà.

Ìbéèrè mi: báàjì mélòó ni mo lè gbà lẹ́ẹ̀kan? Èló ni kí wọ́n san síwájú? Ọjọ́ mélòó ni kí n dá fún wọn? Kí ló sì máa ń ba iṣẹ́ sítíkà jẹ́? Ẹnìkan ní kí n ṣáà máa gba owó, pé ìgbà tí owó bá pọ̀ ni mo tó lè gba èèyàn síṣẹ́. Ọkàn mi ò gbà á.

Abẹ́rẹ́ Kì í Sùn:

Ọkàn yín ò tàn yín. Owó kọ́ ló ń ti ìwé ọ́dà, wákàtí ẹ̀rọ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.

Báàjì róbótó tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5 láti etí dé etí, tí òwú bo gbogbo ojú rẹ̀, máa ń jẹ bíi sítíìṣì (gígún abẹ́rẹ́) 9,000 sí 10,000. Bí ẹ̀rọ bá ń sá 600 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 15 sí 17 nìyẹn, bí òwú ò bá já rárá. Àwọ̀ márùn-ún lórí abẹ́rẹ́ kan, ẹ ó dúró pààrọ̀ òwú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ fi ìṣẹ́jú 7 sí i. Títẹ́ aṣọ sínú férémù àti gígé òwú tó yọ, ìṣẹ́jú 5. Ó ti di nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lórí báàjì kan. Bí ẹ bá rí iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 5 lójúmọ́, báàjì 10 ni, ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 60. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó bàjẹ́, òwú tó já, àti ọjọ́ tí ara ò dá. Ó ku 48. Ẹ ti ìwé ní 45, kí ẹ sì kọ ọ́ síta gbangba pé 45 ni.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fẹ iye yẹn. Ẹ má fi òwú bo ẹ̀yìn àwòrán. Ẹ jẹ́ kí aṣọ kakí fúnra rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìsàlẹ̀. Sítíìṣì á já wálẹ̀ sí bíi 5,000. Tàbí kí ẹ ta báàjì sẹ̀ǹtímítà 4.5: mẹ́rin á wọ férémù yín lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àlàfo ìdajì sẹ̀ǹtímítà láàárín, ẹ ó sì pààrọ̀ òwú lẹ́ẹ̀mẹrin fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ohun tí báàjì kékeré ò gbà ni ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́tà tí kò ga tó mílímítà 5 á dì mọ́ra wọn, inú "a" àti "e" á dí. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ orúkọ, àkọmọ̀nà àti ọdún ìdásílẹ̀ sójú kan mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay (aṣọ ìtìlẹ́yìn tó ní gọ́ọ̀mù) mọ́ ẹ̀yìn kakí, kí ẹ tún fi hard stay (ìtìlẹ́yìn tó le) kan sí abẹ́ rẹ̀, kí aṣọ le bọ̀n-ùn nínú férémù. Bí ó bá dẹ̀, òwú á fà á, báàjì tó yẹ kó rí róbótó á wá gùn bí ẹyin, etí rẹ̀ ò sì ní bá àwòrán pàdé. Etí náà, ìyẹn òwú tó yí báàjì ká, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tó mílímítà 3 sí 3.5, èyí tó bá tín-ín-rín jù, aṣọ á yọ lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gé e. Abẹ́rẹ́ 75/11, òwú polyester nọ́ńbà 40. Rayon ń dán jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè fara da ọṣẹ àti búlíìṣì aláṣọ fífọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn bíi wákàtí 8 tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tó ti kú ló ń já òwú, ẹni tí kò mọ̀ á máa bú òwú. Kí ẹ sì ra gbogbo òwú ọ́dà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Búlúù tí ẹ bá padà lọ rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè má bá ti àkọ́kọ́ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Ní ti iná: bí wọ́n bá mú un láàárín iṣẹ́, ẹ má tú aṣọ kúrò nínú férémù, ẹ má sì fọwọ́ tì í. Ẹ máa wo iye sítíìṣì lójú ẹ̀rọ lóòrèkóòrè kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iná bá dé, ẹ sá iwájú títí dé iye yẹn, kí ẹ fi bíi 10 dín, kí òwú tuntun lè gun orí ti tẹ́lẹ̀. Ínfátà kékeré tó lè gbé ẹ̀rọ nìkan wúlò ju jẹnẹrétọ̀ lọ níbí, torí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú kó tó padà tàn.

Ọmọ Eléèlú:

Àbúrò, ọ̀rọ̀ àdìrẹ tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, àwọn èèyàn á ní kí ẹ fi àdìrẹ ṣe ojú báàjì fúnra rẹ̀. Ó máa ń dára, àmọ́ ẹ mọ irú èyí tí ẹ mú dání. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọn ò fọ̀ dáadáa ṣì ní láfún nínú: aṣọ á le gbanrangandan, ẹ ó rò pé kò nílò gum stay, ṣùgbọ́n ní fífọ̀ àkọ́kọ́ ó rọ̀, ó sún kì, òwú orí rẹ̀ á sì ṣùjọ. Alábẹ́là ló burú jù. Bí àbẹ́là bá ṣẹ́kù nínú aṣọ, áyọ́ọ̀nù á yọ́ ọ, gum stay kò ní lẹ̀ mọ́ ọn láéláé. Omi gbígbóná tó ń hó ló ń yọ ọ́, kì í ṣe ọṣẹ.

Aró èlú náà máa ń kùn. Ẹ mú aṣọ funfun tó tutù díẹ̀, ẹ fi ra ojú rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá pa á láró, ẹ padà fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òwú funfun orí báàjì á di búlúù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá èlú ni tàbí aró òyìnbó, kí ẹ sì ra ọ̀pá kan láti dán wò kó tó di odindi.

Bíléèdì Mímú:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti sítíkà. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì tẹ̀, ohun tó bá béèrè ló máa gbà.

SAV, ìyẹn ọ̀rá vinyl tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ni kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́, kì í ṣe paper sticker. Paper sticker, omi ife kan ti tó o. SAV tí wọ́n fi íǹkì eco-solvent tẹ̀, tí wọ́n sì fi láminéètì (ọ̀rá tín-ín-rín ìbòjú) bò, ló lè wà lára kẹ̀kẹ́, kúlà àti ẹ̀yìn lápútọ́ọ̀pù. Ibi tí ìkánjú ti ń bà á jẹ́ rèé: íǹkì yẹn ń fẹ́ bíi wákàtí 24 kí kẹ́míkà inú rẹ̀ tó fẹ́ jáde tán. Bí wọ́n bá bò ó kó tó tó bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà á há sábẹ́ láminéètì, á rọ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, etí sítíkà á sì ká sókè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Atẹ̀wé tó bá ní "ẹ jókòó, ìsinsìnyí la ó parí ẹ̀", ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́la. Nígbà ọyẹ́, ẹ tún ní kí wọ́n nu ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Eruku tó bá wọlé, kò sí bí ẹ ṣe lè yọ ọ́ mọ́.

Ìṣirò ojú ìwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pàdánù. A3 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29.7 sí 42. Bí ẹ bá yọ àyè tí ẹ̀rọ agésítíkà fi ń wá àmì rẹ̀, ó ku bíi 26.7 sí 39. Sítíkà sẹ̀ǹtímítà 5 tí àwọ̀ rẹ̀ yọ mílímítà 3 kọjá ibi tí wọ́n máa gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba 5.6: mẹ́rin níbùú, mẹ́fà lóòró, 24. Ẹ dín sítíkà kù sí 4.7 péré, ó ń gba 5.3: márùn-ún níbùú, méje lóòró, 35. Sítíkà 11 lófẹ̀ẹ́ lórí owó ìtẹ̀wé kan náà, oníbàárà ò sì ní mọ ìyàtọ̀ mílímítà 3. Ẹ má wá tìtorí pé ẹ fẹ́ kó pọ̀ kí ẹ gé mílímítà 3 etí yẹn kúrò o. Bíléèdì máa ń yẹ̀ díẹ̀, funfun á sì yọ létí.

Fáìlì: PDF tí a yà ní vector (tí kì í fọ́ bí a bá fẹ̀ ẹ́), CMYK (àwọ̀ ìtẹ̀wé). Bí ó bá jẹ́ fọ́tò, 300 dpi (tóótó 300 nínú ínṣì kan) ní ìwọ̀n gan-an tí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún oníbàárà kó fi lógò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pa. Ẹ rọ gbogbo igun ṣóńṣó di róbótó tó mílímítà 2. Igun mímú ni ìka ń kọ́kọ́ ṣí.

Òǹkà Owó:

Owó ìṣáájú: ẹ má mú un látọ̀run. Ká ní báàjì kan ń jẹ ₦900 lórí aṣọ, òwú, stay àti epo, ẹ sì ń tà á ₦2,000. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí èyí tó máa bàjẹ́, ó di ₦990. Ẹni tó sọ àwòrán di fáìlì ẹ̀rọ, DST tàbí PES, ká ní ó gba ₦9,000. Pín in sí 45, ₦200. Àpapọ̀ ₦1,190, ó sún mọ́ 60 nínú 100 iye tí ẹ ń tà á. Ẹni tó gba ìdajì ti fi owó ara rẹ̀ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, 70 nínú 100 fún ẹgbẹ́, gbogbo owó pátá fún ohunkóhun tí orúkọ èèyàn bá wà lára rẹ̀. Bí ẹni tó ní kí ẹ kọ orúkọ òun ò bá yọjú mọ́, ta ni ẹ ó tún tà á fún?

Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni kí owó náà wọ̀. Ẹ wo iye inú àkáǹtì lórí áàpù báǹkì kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ má wo fọ́tò rìsíìtì, ẹ má sì wo alẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Fún ẹgbẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kó kó owó jọ kó san án. Ẹ máà di akápò wọn.

Ọjọ́: ṣe báàjì kan ṣoṣo tán, ya á ní fọ́tò, kí ẹ tó ṣí ìwé rárá. Ṣí i fún ọjọ́ 7. Lẹ́yìn tó bá tì, ọjọ́ 2 fún wọn láti fọwọ́ sí orúkọ àti àwọ̀, 6 fún rírán, 2 fún gígé àti dídì. Ó di 10. Ẹ sọ 14 fún wọn.

Orúkọ Yorùbá wá ní ọ̀fìn tirẹ̀. Lẹ́tà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ò ní ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tó ń ṣe fáìlì ló máa fọwọ́ fi ààmì sí i, àmì tí kò bá tó mílímítà 1 á kàn di kókó òwú. Ẹ ní kí oníbàárà fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ náà ránṣẹ́, bó ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ má gba orúkọ lórí voice note.

Abẹ́rẹ́ Kì í Sùn:

Mo fara mọ́ ọn, àfi ti ẹgbẹ́. Dípò 70 yẹn, ẹ gba gbogbo owó. Lógò ẹgbẹ́ náà, ta ni ẹ ó tà á fún bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín wọn? Orúkọ èèyàn kọ́ nìkan ló ń dá ọjà dúró sọ́wọ́ ẹni.

Òǹkà Owó:

Ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ yín rí kì í san gbogbo rẹ̀, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. 70 kò lè jẹ́ kí ẹ jẹ gbèsè, èrè nìkan ló kù níta. Lẹ́yìn ọ́dà kejì, ẹ lè béèrè gbogbo rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Adátán:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku méjì: wọ́n ti ń bi mí ní báàjì kíláàbù bọ́ọ̀lù àti ààmì ilé-ìwé. Báwo ni mo sì ṣe lè fi ránṣẹ́ sí Èkó àti Ìbàdàn?

Bíléèdì Mímú:

Kíláàbù bọ́ọ̀lù àti àwòrán kátúùnù, ẹ fi sílẹ̀. Ohun olóhun ni. Òfin Copyright ti ọdún 2022 ń bẹ, lógò kíláàbù sì tún jẹ́ ààmì òwò wọn. Ààmì ilé-ìwé, ẹ gba lẹ́tà láti ọ́fíìsì ẹ̀ka náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu kíláàsì gọ́fánọ̀. Báàjì sójà àti ọlọ́pàá, bí wọ́n bá fún yín ní mílíọ̀nù, ẹ sọ pé rárá.

Fífi ránṣẹ́: sítíkà gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja láàárín páálí méjì, nínú ọ̀rá. Ẹ má ká a. Láminéètì tó bá ká nínú oòrùn inú ọkọ̀ á dìde lójú. Báàjì ò ní wàhálà. Ní gáréèjì Kútọ̀, ẹ fún awakọ̀ ní páálí náà, ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀ àti páálí pa pọ̀ ní fọ́tò, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra. Owó waybill, ẹni tó ń gbà á ló máa san. Ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Fún oníbàárà tó bá fi báàjì aláyọ́ọ̀nù (tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn) sórí bùbá tàbí jákẹ́ẹ̀tì, ẹ ju ìwé pélébé kan sí i: áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí kò ní omi, nǹkan bí 150°C, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 20 láìwọ́ ọ, má ṣe é sórí nylon, kí o sì rán etí rẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n bá ń fọ aṣọ náà lóòrèkóòrè.