Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí owó ẹ̀ka jẹjẹrẹ ọyàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti Ọ̀ṣun ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn nítorí kókó tó yọ lọ́yàn rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wá fẹ́ dáwó kọ́ ẹ̀ka ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn sí ọsibítù wa. Àwọn àgbà ní ẹ̀rọ mammogram, èyí tó ń ya àwòrán inú ọyàn, ni ká kọ́kọ́ rà. Ẹ̀rù ń bà mí: ta ni yóò ka àwòrán rẹ̀, iná wo la ó sì fi lò ó? Ṣé kò ní sàn ká kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ná, ká sì máa sanwó àyẹ̀wò fún aláìní? Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ló yẹ kó máa buwọ́ lùwé owó ní báǹkì, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní London lè fọkàn tán wa?