Ilé òógùn kọ́ ni temazcalli

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí arákùnrin wa kan ti dábàá "ilé òógùn" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún temazcalli, ilé ìwẹ̀ àwọn Mexica, ará Mẹ́síkò àtijọ́ tí ayé ń pè ní Aztec, ni mo ti ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹlòmíràn kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, ẹnì kẹta sì béèrè bóyá ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ni. Mo rí i pé dídákẹ́ mi kò bójú mu mọ́.

Òógùn tí ń jáde lára, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ló tẹ̀ lé e. Oògùn tí à ń lò, ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ sì ló bá dé òpin. Arákùnrin wa ní àṣejù ni kí a máa jà nítorí àmì, pé ọ̀rọ̀ tó yí i ká yóò là á yé òǹkàwé. Báwo ni yóò ṣe là á, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń wo aláìsàn sàn gan-an ni ilé tí à ń sọ?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí òógùn nínú orúkọ náà rárá. Nínú Nahuatl, èdè àwọn Mexica, temā ni kí ènìyàn wẹ̀ nínú ooru, calli sì ni ilé. Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè é ní ilé òógùn, ibẹ̀ ni arákùnrin wa sì ti gbé e wá. Ní ti ẹni tó sọ pé inú tetl, ìyẹn òkúta, ni te- tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ti wá, ó dà bí ẹni tó sọ pé inú ọkọ́ ni ọkọ̀ ti jáde.

Òótọ́ ni pé òkúta wà níbẹ̀. Ilé kékeré ni, òrùlé rẹ̀ sábà máa ń rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ní láti rákò wọlé. Ìta ni wọ́n ti ń dáná sí ògiri kan tí wọ́n fi òkúta òkè ayọnáyèéfín mọ, títí tí yóò fi pọ́n. Ẹni tó wà nínú yóò wá da omi sí i, ooru yóò sì bo gbogbo ilé. Ewé àgbàdo tí wọ́n dì pọ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ ooru náà wá sára. Sahagún, àlùfáà ọmọ Sípéènì tó parí ìwé tó kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Mexica jọ sí ní nǹkan bí 1577, kọ ọ́ pé ticitl, obìnrin tó jẹ́ agbẹ̀bí tó sì tún jẹ́ oníṣègùn, máa ń mú aboyún wọ ibẹ̀, a fọwọ́ wá ọmọ nínú ikùn, a sì tọ́ ọ sọ́nà bí kò bá dùbúlẹ̀ dáadáa. Wọ́n tún ń kìlọ̀ pé kí ooru má pọ̀ jù, kí ó má baà ṣe ọmọ léṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń bá agbẹ̀bí sọ, ilé òdòdó ni wọ́n fi ń ki ilé ìwẹ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ná, òdòdó!

Ìyá àgbà kan láàárín wa ta kò mí pé a kì í fi ooru wẹ̀, pé bíbora ni Yorùbá ń bora. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá tó bí ìyá mi náà, bí ibà bá mú wa, yóò gbé ìkòkò àgbo gbígbóná sáàárín ẹsẹ̀ wa, yóò fi aṣọ òkè bò wá mọ́ ọn, kò sì ní ṣí i títí omi yóò fi máa kán ní imú wa. Wọn kò pe ìyẹn ní ìwẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ilé àwọn Mexica ni à ń sọ lórúkọ, àwọn sì ní ìwẹ̀ ni.

Nítorí náà, "ilé ìwẹ̀ olóoru" ni èmi dúró lé. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí a yọ oní- kúrò, kí ó di "ilé ìwẹ̀ ooru", ṣùgbọ́n ìyẹn lè dà bí ẹni pé ooru ni a ń wẹ̀ fún. Wọ́n tún ní ẹnì kan lè ṣi ooru kà sí òru. Bí ó bá ṣì í kà, kò jìnnà sí ilé: òrìṣà tí wọ́n ń ké pè níbẹ̀ ni Yohualticitl, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni oníṣègùn òru. Òun kan náà ni wọ́n ń pè ní Temazcalteci, ìyá àgbà ilé ìwẹ̀, ojú òrìṣà sì wà lórí ẹnu ọ̀nà ilé náà nínú ìwé àwòrán Codex Magliabechiano. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn jù ú lọ, kí ó mú un wá, kí ó sì jọ̀wọ́ fi àmì sí i.