Zanzibar la lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ojú àgbà ṣì ń wò wá

Gbogbo ìtàn họ́nímúùnù tí mo ti ń kà, bí kì í bá ṣe Dubai, London ni. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Zanzibar la lọ, erékùṣù inú òkun Íńdíà tó wà lára Tanzania. Ìyá ọkọ mi bi wá pé kí la fẹ́ lọ wá tí kò sí n'Íkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé láìjẹ́ pé èèyàn wọ bàálù. Èsì tó wà nínú ọkọ mi ò ṣeé sọ fún ìyá ẹni: ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá ló ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Adó-Èkìtì. Kí tọkọtìyàwó di ọwọ́ ara wọn mú kọjá l'Ọ́jà Ọba, ìròyìn á ti dé Ìjigbò kí wọ́n tó délé. A ní ká lọ síbi tá a ti lè ṣe bó ṣe wù wá.

Ẹ̀rín ló padà pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ìrìn náà. Èkó la ti wọ bàálù, a dúró ní Addis Ababa, a sì gba ibẹ̀ dé Zanzibar. Wọ́n máa ń bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni àlejò sì ti ń san dọ́là 44 fún ínṣọ́ránsì wọn. Wọn ò fẹ́ rí àpò láílọ́ọ̀nù rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni Màámi ti fi láílọ́ọ̀nù dúdú di kúlíkúlí àti gàrí fún wa! Èkó la ti tú gbogbo ẹ̀ sínú ike.

Stone Town la kọ́kọ́ dé, ìgboro àtijọ́ tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2000. Ọ̀nà ibẹ̀ há débi pé bí ọ̀kadà bá ń bọ̀, ẹ ó fara ti ògiri. Ilẹ̀kùn onígi ló wà lẹ́nu àwọn ilé wọn, tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára, tí wọ́n tún kan ìṣó idẹ ṣóńṣó mọ́. Mo rántí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ̀rẹ́, èyí tó wà ní British Museum báyìí. Tiwọn ṣì wà lẹ́nu ilé wọn.

Iwájú ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà ni ìyá àgbà kan ti ń wò wá bọ̀. Ṣòkòtò péńpé ló wà nídìí mi, ẹ̀wù mi ò sì lápá. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó mú aṣọ méjì jáde. Ó fi ọ̀kan bo èjìká mi, ó ró ìkejì mọ́ mi nídìí, ó tún fa ìkó rẹ̀ wò bóyá ó le. Kò bú mi, kò sì gbowó. Ó kàn gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́ pé kí n máa lọ. Ìgbà tí màá fi wẹ̀yìn, ọkọ mi ti rọra jáwọ́ lára mi. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọn kì í fẹ́ kéèyàn máa fẹnu kora ní gbangba. Ẹ lè wọ ohun tó bá wù yín ní etíkun iwájú òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ní ìgboro àti abúlé, ẹ bo èjìká dé orúnkún.

Kanga ni wọ́n ń pe aṣọ yẹn. Méjì-méjì ni wọ́n ń tà á, òwe sì máa ń wà létí rẹ̀. Obìnrin tí inú bá ń bí sí orogún tàbí aládùúgbò á ra èyí tí òwe rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà mu, á ró o kọjá níwájú onítọ̀hún. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ ò rí nǹkan!

Ti ọkọ mi ló tún wá le jù. Àwọn bàbá jókòó sórí pèpéle òkúta níta, wọ́n ń mu kọfí nínú ife kékeré. Ó rí èyí tó dàgbà jù láàárín wọn. Ọmọ Ìkọ̀lé ni, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó bá dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ tí bàbá fi di èjìká rẹ̀ mú, kọfí sì dà nù. Ọmọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ló ṣàlàyé pé Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún. Ọmọdé á ní "Shikamoo", àgbà á ní "Marahaba", ó parí. Bàbá ní kí wọ́n bu kọfí fún un. Àtìgbà náà ló ti ń kí gbogbo ayé ní shikamoo, títí kan ọlọ́pàá kan tó jọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ibì kan wà ní Mkunazini, nínú Stone Town náà, tí kì í ṣe ti fàájì. Ọjà ẹrú ni tẹ́lẹ̀, ọdún 1873 ni Sultan Barghash, ọba wọn nígbà náà, tì í pa nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un lọ́rùn. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, ibi tí òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà sì wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé pẹpẹ sí. Wọ́n mú wa wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, ọkọ mi ò lè nàró níbẹ̀. Èmi ń ṣírò ọdún lọ́kàn: ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n fi ti ọjà yẹn pa, wọ́n ṣì ń fi ogun kó àwọn èèyàn Èkìtì lẹ́rú. A ò bára wa sọ̀rọ̀ títí a fi jáde. Àwọn kan nínú yín á ní kí ló gbé ìyàwó tuntun débẹ̀. Mo tún lè lọ lọ́la.

Paje la ti wá sinmi gidi, ní etíkun ìlà-oòrùn. Òkun ibẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn débi pé èèyàn lè rìn lọ jìnnà kí omi má ju kókósẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin máa ń jáde wá sídìí ewé òkun tí wọ́n so mọ́ okùn láàárín igi ṣóńṣó. Òkè òkun ni wọ́n ń tà á sí, ó ń wọ inú ọṣẹ ìfọyín àti ìpara. Òyìnbó kan na fóònù sí wọn, kíá ni ọ̀kan fa ìborùn bojú. Èmi fọwọ́ júwe láti tọrọ àyè. Dípò kó dúró fún fọ́tò, okùn ló nà sí mi pé kí n wá so tèmi. Ẹ̀yìn ti ń ro mí kí n tó so díẹ̀, àwọn sì ń bá orin wọn lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún agogo wọn o. Àwọn àgbà wọn ń ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, aago méje tiwa ni aago kan tiwọn. Bàbá ọlọ́kọ̀ ojú omi ní ká wá ní aago mẹ́rin. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọbìnrin òtẹ́ẹ̀lì tó sọ fún wa pé mẹ́wàá àárọ̀ ni bàbá ń wí.

Ní ti oúnjẹ, ugali wọn jọ túwó, ọkọ mi ń wò ó bí ọmọ Èkìtì tó ń wá iyán ṣe máa wò ó. Ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n fi omi àgbọn sè ló tù ú nínú.

Òjò máa ń pọ̀ níbẹ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Bí ẹ bá sì lọ nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ má jẹun lójú títì lọ́sàn-án. Bí ẹ bá kó dọ́là dání láti ṣẹ́, kó jẹ́ tuntun, wọ́n lè kọ èyí tó ti gbó.